Ọkọ̀ Kúkúrú Nínú Òjò Aṣálẹ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí Uncle Délé, ọ̀gá wa, sọ pé òun fẹ́ so ọmọ mi pọ̀ mọ́ Ràṣídá, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ń gééjì táyà lọ́wọ́, mo ń fa atẹ́gùn sí i, ní yáàdì wa ní Bolton, lẹ́bàá Toronto. Mo gééjì rẹ̀ títí ó fi kọjá ìwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í jẹ́ kí táyà kọjá ìwọ̀n.

Iṣẹ́ wa ni kí a máa bá àwọn olówó wa ọkọ̀ wọn lọ síbi tí oòrùn wà. Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́ Toronto, àwọn àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì á wọ bàálù lọ sí ilé wọn kejì ní ilẹ̀ gbígbóná, wọn á sì ní kí a máa wa ọkọ̀ àwọn bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan máa ń gbà kí tírélà gbé e. Àwọn mìíràn kì í gbà, pàápàá àwọn tó ní spọ́ọ̀tì, àwọn ọkọ̀ kúkúrú tí abẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, nítorí wọn ò fẹ́ kí irin tírélà ha á.

Méjì méjì la máa ń rìn. Ọkọ̀ kan á ṣíwájú, èkejì á tẹ̀lé e, fóònù á sì wà ní títàn láàárín wọn. Ẹni iwájú ni yóò máa sọ ohun tó rí: kòtò wà lápá ọ̀tún, ọlọ́pàá wà lábẹ́ afárá, tírélà kan fẹ́ yà bọ́ sọ́nà wa. Ẹni ẹ̀yìn yóò gbọ́, yóò dáhùn, yóò sì ṣe bí wọ́n ti wí. Nítorí náà, ọ̀gá wa kì í ṣàdédé so awakọ̀ méjì pọ̀. Tó bá sì ti so wọ́n, kì í tú wọn ká mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Dámi. Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ tó sì ní òun náà fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, èrò mi ni pé èmi àti òun la ó jọ máa rìn, kí ojú mi lè máa tó o. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà ní àdúgbò wa ní Downsview. Bó bá ṣe ń rìn ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ bíréèkì tí kò sí lọ́dọ̀ mi. Mo ń sọ fún un pé ajá kan ń bọ̀, ọmọ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ funfun yẹn, iná yẹn fẹ́ yípadà. Ó rọra páàkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, “Mummy, I can't do this with you,” ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti wà nínú ọkọ̀ Ràṣídá.

N kò ní purọ́ mọ́ obìnrin yìí. Ó mọ ọkọ̀ wà. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti dàgbà, wọ́n sì ń gbé lọ́nà jíjìn, ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì. Kò sí ariwo lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣi jíà já, ẹ̀rín ló máa rín. Ní ọjọ́ tí Dámi yege ìdánwò ìwakọ̀, Ràṣídá ni ọmọ náà kọ́kọ́ pè lórí fóònù. Èmi tí mo lóyún rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti ń din dòdò.

Èyí tó tilẹ̀ dùn mí jù ni ti èdè. Bí mo bá bi Dámi pé, “Ṣé o ti jẹun?” yóò ní, “I'm good.” Bí Ràṣídá bá bi í pé, “Ọmọ yìí, ṣé ikùn ẹ ti kún?” yóò ní, “Ó ti kún dẹ́nu, ma!” Àwọn méjèèjì á sì máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá yẹn o. Ràṣídá ló ń gbádùn ẹ̀.

Iṣẹ́ tó dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń gééjì táyà yẹn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ní jíìpù àti spọ́ọ̀tì pupa. Ó fẹ́ kí méjèèjì bá òun ní Arizona. Uncle Délé ní kí Ràṣídá wa jíìpù níwájú, kí Dámi wa spọ́ọ̀tì tẹ̀lé e.

“Tí wọ́n bá ti ṣe eléyìí dáadáa,” ó ní, “mo ti so wọ́n pọ̀ nìyẹn.”

Mo ní, “Èmi ni n ó wa spọ́ọ̀tì yẹn.”

“Mummy Dámi, ṣé ẹ̀yìn yín á gbà á? Bí ẹni jókòó sílẹ̀ lásán ni o.”

“Ẹ̀yìn yìí ló pọn Dámi. Ó máa gba ọkọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ, òun yóò sọ ẹni tí òun máa so pọ̀ mọ́ra nígbà tí a bá dé. Ìjókòó méjì ló wà nínú spọ́ọ̀tì. Mo ti nu èkejì fún Dámi. Ó gbé báàgì rẹ̀ sínú jíìpù, ó wọlé jókòó ti Ràṣídá, ó ní kò sí àyè fún báàgì lọ́dọ̀ mi. Àyè wà. Mo ti fi téèpù wọn ibẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe wa ọkọ̀ kọjá ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́yìn wọn, tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín lórí fóònù. Nínú spọ́ọ̀tì, ńṣe ni èèyàn máa ń na ẹsẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí ẹní. Bí tírélà bá ń kọjá, etí mi àti àárín táyà rẹ̀ dọ́gba. Ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí wà nísàlẹ̀ pátápátá níwájú. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ẹ́ńjìnì kú nìyẹn. Táyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í tètè la omi. Orí omi ló máa ń fẹ́ léfòó sí.

Nígbà tí a fi máa dé Arizona, a ti kúrò lójú títì ńlá, a ti bọ́ sí ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé ọkùnrin náà láàárín aṣálẹ̀. Oòrùn mú. Ilẹ̀ gbẹ bí èépá. Ràṣídá sọ lórí fóònù pé, “Mummy Dámi, ẹ wo apá òsì yín.” Mo wò ó. Ọ̀run ti dúdú lórí òkè kan lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n níbi tí a wà, ìkán omi kan kò tíì bọ́. Ká tó wí, ká tó fọ̀, atẹ́gùn gbé iyẹ̀pẹ̀ bo ojú gíláàsì, òjò sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, kò rí nǹkan kan gbá kúrò. Iná pupa ẹ̀yìn jíìpù nìkan ni mo ń rí.

Ní irú ilẹ̀ yẹn, odò tó ti gbẹ a máa gba ojú ọ̀nà kọjá. Wọn kì í ṣe afárá sí i. Ọ̀nà á kàn tẹ̀ wọnú bí abọ́, á sì tún gòkè. Òjò tó rọ̀ lórí òkè ló ń wá síbẹ̀. Jíìpù wọ inú abọ́ náà nígbà tí omi ibẹ̀ kò ju ohun tí a lè fi ìgbálẹ̀ gbá lọ, ó sì gòkè lódì kejì. Kí n tó dé etí rẹ̀, omi náà ti di pupa, ó ti ń gbé igi.

Mo tẹ bíréèkì.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo mọ ìwọ̀n ọkọ̀ tí mo ń wà. Mo mọ̀ pé omi yẹn ti ga ju ihò ẹ́ńjìnì lọ. Ṣùgbọ́n mo ń wo iná pupa méjì lódì kejì, ọmọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin yẹn, èmi nìkan sì wà níhìn-ín. Owú gùn mí. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ.

“Mummy, stop! Stop! Don't you dare!”

Òyìnbó tí Dámi máa ń fi dá mi lóhùn ló tú jáde, kò dúró mí. Ṣé mo ti de bẹ́líìtì ni? Ṣé iná mi wà ní títàn? Kí ló dé tí mo ṣì wà nísàlẹ̀? Ṣé mo fẹ́ kú ni?

Mo gbọ́ ohùn Ràṣídá: “Dámi, fara balẹ̀. Màmá ẹ mọ ọkọ̀ wà. Gbé fóònù wá, jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, Auntie! Ìyá mi ni!”

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn jíìpù ṣí, ariwo òjò sì gba orí fóònù. Ràṣídá kígbe pé, “Mummy Dámi, ó ti bọ́ sílẹ̀ o! Ó ń bọ̀ níbi omi!”

Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ̀rù kúrò lára mi lójijì. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró: kó rí i pé mò ń padà sẹ́yìn. Mo tan iná tó ń ṣẹ́jú, mo ju jíà sí rìfáàsì. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kò ju fèrèsé ilé adìyẹ lọ, òjò sì ti bò ó. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo na ọrùn jáde nínú òjò, mo ń wo ìlà funfun ojú ọ̀nà lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì ń fà á sẹ́yìn gòkè díẹ̀díẹ̀. Táyà yọ̀, mo dúró. Ó dì mú, mo tún fà á. Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ gíga, mo tẹ fèrè títí, kó lè gbọ́.

Omi gbé odindi igi kan kọjá níbi tí mo ti dúró tẹ́lẹ̀.

Òjò aṣálẹ̀ kì í pẹ́. Oòrùn padà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, omi fà, ó ku ẹrẹ̀. Mo rọra wà á kọjá. Dámi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó rin gbingbin, Ràṣídá sì di apá rẹ̀ mú síbẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Ẹ wo bí ọmọ yín ṣe ha mí bí ológbò,” ó ní. “Mo dì í mú, ó ń jà láti wọ inú omi tọ̀ yín wá.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. “Tó bá jẹ́ èmi ni omi gbé, orí WhatsApp ni àwọn ọmọ tèmi ti máa gbọ́. Èmi ni ó yẹ kí n máa jowú yín, Mummy Dámi, kì í ṣe ẹ̀yin.”

N kò mọ̀ pé ó mọ̀.

Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ yí spọ́ọ̀tì rẹ̀ po, ó bi wá bóyá ẹrẹ̀ yẹn máa ṣí kúrò. Kò bi wá léèrè ohun mìíràn. Ní pápákọ̀ òfurufú, Dámi jókòó tì mí, ó gbé orí lé èjìká mi. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti borí.

“Mummy,” ó ní, “mi ò lè bá yín rìn.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo wà níwájú, èmi ló yẹ kí n sọ ohun tí mo ń rí fún yín. Gbogbo ẹ̀ fò lọ. Igbe ni mò ń ké ṣáá. Tó bá jẹ́ Auntie ló wà lẹ́yìn, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.”

Nínú bàálù, ó sùn, mo sì ń wo ojú rẹ̀ títí a fi balẹ̀.

Nígbà tí a dé Bolton, Uncle Délé gbé ìbéèrè rẹ̀ dìde níwájú gbogbo wa: ta ni kí òun so Dámi pọ̀ mọ́? Ràṣídá ń wo ilẹ̀. Dámi ń wò mí.

“Ẹ so ó mọ́ Ràṣídá,” mo ní. “Bó bá wà pẹ̀lú mi, ẹkún ló máa máa sun.”

Uncle Délé ní, “Ah ah, Mummy Dámi, ṣebí bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran?”

“Lórí ìdúró ni, Uncle Délé. Kì í ṣe lẹ́yìn sítíárìn.”

Ó so wọ́n pọ̀. Ràṣídá wá dì mọ́ mi. Mo jẹ́ kó dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi kò dì mọ́ ọn.