Ìsọmọlórúkọ Lábẹ́ Òpó Rédà

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Bùsàrí. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e dé Abuja nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ìlú náà. Nígbà tó máa di ọdún 1983, ó ti fi kọ́ńkéré sílẹ̀, ó ń ṣán koríko lábẹ́ àwọn òpó irin kan lẹ́yìn Bwari, ìlú kan nítòsí Abuja. Wọ́n ta wáyà láti òpó dé òpó. Koríko ò gbọdọ̀ kan wáyà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Rédà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ibẹ̀. Ẹnjiníà Bámiṣayọ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ á ju ìró tí etí ò lè gbọ́ sókè. Lókè lọ́hùn-ún, tó ga ju ìkùukùu lọ fíìfíì, níbi tí òfuurufú bá ti rí gbágungbàgun, ìró á ta padà, ẹ̀rọ á sì yà á sórí ìwé. Gbágungbàgun yẹn ló ń gé ohùn rédíò tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Bùsàrí ní ó yé òun.

Lọ́dún yẹn, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ọkà bàbà gbẹ lórí ìdúró. Sẹ̀kínátù, ìyàwó Bùsàrí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni Àáfà Sùlàímọ́nù, tí gbogbo Yorùbá Mùsùlùmí Bwari ń kírun lẹ́yìn rẹ̀, wá bá a nílé.

"Bùsàrí, àwọn òpó yín ló ń lé òjò. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Bí o ò bá fi í sílẹ̀, ẹnì kankan nínú wa ò ní tẹsẹ̀ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ."

"Àáfà, bí wáyà bá lè lé òjò, ǹ bá ti ta á sórí ilé mi. Òrùlé mi ń jò."

"Ọ̀rọ̀ gidi ni mò ń bá ẹ sọ, ò ń ṣẹ̀fẹ̀."

"Mi ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má wá."

Nígbà tí Àáfà lọ tán, Sẹ̀kínátù bi í láti inú yàrá pé, "Ta ló máa wá pe ìrun sọ́mọ létí?"

"Èmi bàbá ẹ̀ ò yadi."

Nígbà tí ọjọ́ kò, ẹnì kankan nínú wọn ò wá lóòótọ́. Bùsàrí gbé ọmọ lọ sábẹ́ òpó, níbi tí gbogbo Bwari ti lè rí i. Ó pe ìrun sí i létí, ó sọ ọ́ ní Rísíkàt. Ẹnjiníà bá a di àgbò mú, Bùsàrí sì dúńbú rẹ̀. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án, wọ́n ń dín ẹran lẹ́yìn ilé, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Àlímátù, ìyàwó Àáfà, bá yọ pẹ̀lú abọ́.

"Bàbá ìkókó, mi ò wá síbi ìsọmọlórúkọ o. Ẹran ni mo wá gbà."

"Ẹran wà, ẹ̀gbọ́n. Kí lorúkọ ọmọ?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni?"

"Rísíkàt ni. Ẹni tó bá pè é ló ń jẹ ẹran."

Àlímátù wẹ̀yìn wò, ó wo abọ́ rẹ̀. "Rísíkàt," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mi ò gbọ́."

Ó fi gbogbo ẹnu pè é. Àwọn ará ilé kejì yọjú. Àwọn náà ti gbé abọ́ dání.

Bùsàrí jẹ́ kí wọ́n pè é níkọ̀ọ̀kan kó tó bu ẹran fún wọn. Nígbà tó bù ú tán, ó mú àdá, ó padà sídìí koríko rẹ̀.