Bàbá Túndùn Sọ̀ Kalẹ̀ Kí I

Bí ẹ bá dé Kabala Doki lónìí, tí ẹ sì dárúkọ Bàbá Túndùn, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún igi lójú ọ̀nà Kajuru, kò sì dìde títí igi fi dá a lóhùn. Túndùn ọmọbìnrin rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti sọ ìtàn náà nígbà tí kò lóǹkà, ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí igi ti dáhùn.

Ìbíyínká lorúkọ bàbá náà, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo òfin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ sílẹ̀, kò sí èyí tó mú ní dandan tó èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ: ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere kò gbọdọ̀ kí àgbà láìsọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra mọ́tò, wọ́n ti gbàgbé òfin yẹn. Bàbá Túndùn kò ra mọ́tò. Ó ní mọ́tò máa ń sáré kọjá àgbà.

Ó tilẹ̀ yọ agogo ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọnù. “Ta ni yóò máa fi agogo lé bàbá rẹ̀ kúrò lọ́nà?” Dípò agogo, ó ń wúkọ́: ẹ̀ẹ̀kan fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀mejì fún àgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ewúrẹ́, nítorí ewúrẹ́ kì í tètè gbọ́. Kò pẹ́ tí Hàwáwù, aládùúgbò wọn, fi gbé ìgò oyin wá fún ìyàwó rẹ̀, tó ní kí wọ́n tètè gbé ọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn. Bàbá Túndùn lá oyin náà tán, ó sì ń wúkọ́ lọ.

Oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni ọ̀rọ̀ igi wáyé. Túndùn fẹ́ fẹ́ Ezra, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Kajuru, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Japhet, bàbá Ezra, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àna ará ìgboro mọ́. Ọ̀kan ti wá rí nítorí ẹ̀gbọ́n Ezra. Ó jókòó sínú jíìpù, ó fọn fèrè, ó ní kí wọ́n wá bá òun lójú fèrèsé. Japhet ní òun yóò gba bàbá Túndùn lálejò lẹ́ẹ̀kan péré, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Bí kò bá dé lákòókò, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Màmá Túndùn bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wọ mọ́tò. Ó kọ̀. Ó ní bí àwọn bá gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, wákàtí mẹ́rin ti tó. Màmá Túndùn bá yá kẹ̀kẹ́ kejì fún ọmọ rẹ̀.

“Tẹ̀ lé e,” ló wí. “Má sì jẹ́ kó rí àgbà kankan.”

Sátidé ni, àgbà sì kún ojú ọ̀nà. Ní Sabon Tasha, mọ́kànlá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Bàbá Túndùn kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ìyàwó, ọmọ, oko, àti ẹsẹ̀ tó ń dun ẹnì karùn-ún.

“Haba, Bàbá!” ni Túndùn kígbe. “Ẹ kí wọn pa pọ̀ ká máa lọ!”

“Ṣé pa pọ̀ ni wọ́n bí wọn?”

Lẹ́yìn Kasuwan Magani, ìgboro parí pátápátá. Ọkà bàbà ti gbó, ó pupa lọ́tùn-ún lósì. Òórùn atalẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ń fẹ́ wá láti inú oko, àwọn àpáta Kajuru sì ń yọjú lókèèrè. Ọ̀nà náà dùn ún wò débi pé inú Túndùn ì bá dùn, bí kì í bá ṣe pé aago mọ́kànlá ti lù.

Ibẹ̀ ni Bàbá Túndùn ti rí i: àgbàlagbà kan tó dúró létí oko nínú agbádá búlúù, fìlà lórí, tó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ súre. Bàbá Túndùn ti yọ awò ojú rẹ̀ sápò nítorí eruku. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn.

“Sannu da aiki, Baba!” Pé ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

Kò sí ìdáhùn.

“Bàbá, mutum-mutumi ni! Igi tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ ni. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́.”

“Pa ẹnu mọ́. Bóyá ó ń gbàdúrà.”

“Akèrègbè lorí rẹ̀!”

“Túndùn! Mi ò kọ́ ọ láti máa bú orí àgbà.”

Òfin ìyá rẹ̀ ní apá kejì: ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde títí àgbà yóò fi dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú kan kọjá, márùn-ún kọjá. Túndùn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìgbà náà ni ohùn kan jáde láti inú ọkà: “Yauwa, sannu. Tashi, ka je lafiya.” Pé kó dìde, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Bàbá Túndùn dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. “Ṣé o gbọ́?” ló wí. “Ohùn rẹ̀ kàn ti tínrín díẹ̀ ni. Ọjọ́ orí ni.”

Túndùn kò dúró wádìí ọ̀rọ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó dé Kajuru. Japhet dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le. “Aago mẹ́wàá ni mo wí,” ló sọ ní Hausa. Ezra tẹ orí ba lẹ́yìn rẹ̀. Túndùn mọ̀ pé ó ti tán. Ohun tó tún wá dùn ún ni pé kò lè bínú sí bàbá rẹ̀, tó ti sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, tó sì ń ṣí fìlà.

Ìyá arúgbó kan bá yọ láti inú ilé. Lois ni, ìyá Japhet. Ọ̀kadà ló gùn kọjá wọn lọ́nà, nígbà tí Bàbá Túndùn ń kí àwọn tó ń wú atalẹ̀.

“Òun nìyí, Japhet,” ló wí. “Ẹni tí mo ń sọ fún ọ. Agbádá bàbá rẹ ni mo wọ̀ fún igi oko yẹn. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó kí i mọ́. Ọkùnrin yìí sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi ni mo bá bàbá rẹ dáhùn.”

Bàbá Túndùn wá awò ojú rẹ̀ lápò, ó fi sójú, ó wo Lois, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Igi ni?”

“Igi ni, Bàbá.”

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. “Ó dáa. Ó ti gba ìkíni náà. Mi ò lè gbà á padà.”

Japhet ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì ní kí wọ́n gbé kunu wá fún àwọn àna òun. Nígbà tí Túndùn gbọ́ “àna”, ara rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nírọ̀lẹ́, Japhet ní kí wọ́n di kẹ̀kẹ́ méjèèjì sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù kan, kó gbé wọn padà sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni Bàbá Túndùn ní kí awakọ̀ dúró.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú, nínú oorun, wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, Japhet bẹ Túndùn fún agbádá kan àti fìlà kan. Túndùn fún un, kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí ọkà tún gbó, òun àti Ezra wa mọ́tò lọ sí Kajuru. Létí oko náà ló ti rí i: agbádá aláwọ̀ eérú, fìlà tó tẹ̀ sósì, ọwọ́ méjèèjì nínà.

“Jọ̀ọ́, dúró,” ló sọ fún Ezra.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, iye ti àgbà, ó sì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi.” Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi. Ó fẹ́ dìde, ló bá rántí apá kejì òfin. Àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá fi í rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

Ohùn Japhet jáde láti inú ọkà, ó pè é ní ọmọ òun. Ó ti tínrín díẹ̀. Ọjọ́ orí ni.

“Yauwa, 'yata. Tashi.”

Túndùn dìde.