Télọ̀ Tó Fẹ̀sùn Kan Tépù

Gbogbo nǹkan ni télọ̀ yìí máa ń wọ̀n, títí kan ẹnu ọ̀nà ilé onílé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ínṣì. Bí oníbàárà bá sanra tán, tó wá ń sọ pé omi ló mú kí aṣọ òun súnkì, Ínṣì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, omi kọ́ o, oúnjẹ ni. Aṣọ kì í purọ́."

Ìgbà tó wá kan òun alára ńkọ́? Ṣòkòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ nídìí rẹ̀. Ó dín in kù. Kò pẹ́, ó tún ń yọ̀. Ó wọn ìbàdí ara rẹ̀, ó bá a pé ó ti dín kù. Ni Ínṣì bá dá tépù rẹ̀ lẹ́bi, ó ní ó ti gbó, ó ti fà. Ó ra òmíràn, ohun tí ti àtijọ́ sọ gan-an ni tuntun náà sọ.

Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́, ó ní àgbà ló ń dé. Òkè ikùn ń dùn ún, ìrora náà sì ń gba ẹ̀yìn yọ, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí òun máa ń tẹríba lé lórí ló fà á. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá sọ pé ojú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé o ò rí ohun tí mò ń rán ni?"

Lóòótọ́, yúnifọ́ọ̀mù yẹ́lò tí ilé ìwé kan gbé fún un ló kún orí àga, orí tábìlì, títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní aṣọ ló ń tàn sí òun lójú. Ìyàwó wo aṣọ, ó wo ojú, ó gbà. Ta ni kò ní gbà?

Ọjọ́ tí wọ́n kó yúnifọ́ọ̀mù lọ tán, Ínṣì jókòó, ó ń họra. Ìyàwó gbé dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn síwájú rẹ̀.

"Baálé mi, aṣọ ti lọ. Kí ló tún ń tàn síbẹ̀?"

Ínṣì wo dígí títí. Kò rí ẹni tó máa dá lẹ́bi mọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ó ń ba èmi náà. Ẹ dìde, ká lọ."

Ní ọsibítù, dókítà béèrè bí itọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìgbẹ́ ńkọ́? Ínṣì fẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: ó funfun, ó sì ń léfòó.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ ọ́?" Ìyàwó fariwo bọnu. "Ìgbà tó bá wẹ odò já?"

Dókítà ní ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro, ó sì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni, nínú ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ló dínà mọ́ òróòro, tí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ìyàwó bú sẹ́kún. Ínṣì kàn béèrè ohun tó máa ń béèrè lójoojúmọ́:

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Kò tíì pé ínṣì kan. Ẹ ò tíì pẹ́ jù kí ẹ tó wá. A ṣì lè gé e."

Ínṣì mí kanlẹ̀.

"Dókítà, àwa télọ̀ máa ń fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú ojú rírán, torí ẹni tó bá máa sanra. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń gé tiyín yìí, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ o."