Ọjọ́ Tí Iná Ìgò Lé Mi Dé Títì

Híhó iná iléru náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kánsù ní Ìlọ́fà nígbà náà, mo sì wá kí àbúrò mi ní Ọ̀sì. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi ọ̀pá irin oníhò sẹ́nu, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò tó ti yọ́ bí oyin. Àfọ́kù ìgò ọtí àti ti mọ́ọ̀tì ló ń yọ́. Mo bi í pé kí ló ń fi wọ́n ṣe. Ó mú mi lọ sídìí kókò tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó nawọ́ sí ẹ̀kán omi tó jókòó sórí ewé.

"Ohun tí mo fẹ́ fi ìgò ṣe nìyí, Bàbá. Ife tó máa dà bíi pé ó fẹ́ yí dànù, tí kò sì ní í yí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, èmi tí àwọn akọ̀wé ń wárí fún tẹ́lẹ̀ ti di ọmọ iṣẹ́ ọmọ tí mo lè bí.

Kí n má purọ́, ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ki ọ̀pá bọ iléru, tí a ó máa yí i láìdúró kí ìgò má baà kán sílẹ̀, tí a ó sì máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ife bá pé tán, inú ààrò kejì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni yóò sùn mọ́jú. Bó bá tutù lójijì, yóò bẹ́.

"Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Bàbá, ẹ má fa èémí sínú nígbà tí ọ̀pá bá wà lẹ́nu yín o. Ẹ fẹ́ ẹ síta nìkan."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lálàá pé iná ń gba ọ̀fun mi wọlé. Lórí ọ̀kadà láti Ìlọ́fà, Sáàmù ni mo máa ń kà sínú títí a ó fi dé. Bí wọ́n bá sì bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé báwo ni iṣẹ́ tuntun, mà á ní kò sóhun tó le níbẹ̀.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, a ń ṣe ife ìgbéyàwó fún ọmọge kan ní Koro. Mo gbọ́ fììì lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe wẹ̀yìn, iná ń rìn lórí rọ́bà tó ń gbé gáàsì wá sí iléru, ó dojú kọ sílíńdà gáàsì náà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sá. Nígbà tí mo fi dé títì, bàtà mi ti ku ẹsẹ̀ kan. Ọlọ́kadà kan dúró.

"Bàbá, kí ló ń lé yín?"

Ẹ̀yìn ni mo ń wò. Mo ń retí kí sílíńdà bú gbàù. Kò bú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wá bà mí lẹ́rù ju ohunkóhun lọ. Mo padà sí àtíbàbà.

Ọ̀gá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti fi àpò tútù bo rọ́bà, ó ti ti ẹnu sílíńdà, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ti bó. Ní hosipítù, nọ́ọ̀sì bi í pé ta ni mo jẹ́ sí i.

"Bàbá mi ni."

Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, mo ní, "Ọmọ mi, mo sá."

"Mo rí yín, sà." Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Èmi náà ìbá sá. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà."

Ọwọ́ rẹ̀ kò tètè jinná, ìgbéyàwó kò sì lè dúró. Èmi ni mo fẹ́ ife tó kù, òun jókòó lórí àpótí, ó ń júwe. Méjì àkọ́kọ́ bẹ́. Ẹ̀kẹta dúró.

Ó ti pẹ́ báyìí. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ọkàn mi balẹ̀ nídìí iná. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń yẹ rọ́bà wò kí n tó ṣáná, àyà mi a sì máa já síbẹ̀. Ọ̀gá mi kò dárúkọ ọjọ́ náà mọ́ rí. Àmọ́ nígbà tó bá na ọwọ́ tó ní àpá iná yẹn láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ibòmíràn ni mo máa ń wò.