Àpótí Ìlù tí Ìyá Mi Ń Jókòó Lé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Jos, tí òtútù Tudun Wada máa ń mú ká fi aṣọ borí lọ sílé kéwú, kò sí obìnrin tó ń dá orin wákà bí ìyá mi láàárín àwa ará Ìlọrin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kì í ṣe ti inú rédíò ni mò ń wí o. Àwọn ìyá wa á tò, kálukú pẹ̀lú aro lọ́wọ́, ìyẹn àwo idẹ pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra. Ìyá mi á dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Bí ó bá ti lahùn báyìí, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró.

Ibà kan ló dé tó mú etí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fi í pamọ́, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ aro àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dá orin fún wọn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìyá mi kò sì fẹ́ràn ohun kan láyé tó orin yẹn. Bàbá mi mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kejì, tí àwa ọmọ ń pè ní Àǹtí, náà mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé orogún kì í fẹ́ ire fún ara wọn, ẹ wá gbọ́ o: Àǹtí ló máa ń dúró sí ọ̀kánkán ìyá mi, tí á máa mi orí kí ó lè mọ ibi tí orin dé. Síbẹ̀, orin á gba apá ọ̀tún, aro á gba apá òsì. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Iṣẹ́ jíjó irin ni bàbá mi ń ṣe lápá Bukuru, níbi tí wọ́n ti ń wa tánńganran tí àwọn Hausa ń pè ní kúsà. Ó kọ́kọ́ rọ aro tuntun. Ó lu ihò sí etí àwo náà yíká, ó fi òrùka irin kéékèèké há ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbá a, á dún ṣàààà, á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín títí. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọwọ́ ara òun nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀, òun kò mọ ohun tí àwọn yòókù ń wí.

Ni bàbá mi bá kan àpótí pákó kan, ó fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó da díẹ̀ nínú yanrìn kúsà dúdú tó wúwo sínú rẹ̀. Ìyá mi á jókòó lé e, Àǹtí á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú: gbì-ṣà, gbì-ṣà. Kí n má purọ́, létí àwa tí a wà níta, àfi bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó lé e, ìlù náà á gba ìbàdí rẹ̀ wọlé títí dé igbá àyà. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó lé e, ó sunkún, ó wá kọrin títí ọbẹ̀ fi jóná. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ìgbà tí Ìyá Àdínì, olórí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa, ti Mẹ́kà dé ni ọ̀ràn wá dé ojú ẹ̀. Bí mọ́tò ṣe dúró, gbogbo obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ń gbè. Ìyá mi nìkan ló jókòó lórí àpótí, ó dijú, ó ń dá orin. Ọmọ Ìlọrin wo ló ń jókòó kí àgbà?

“Ẹ wò ó bó ṣe ń fẹlá!” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn wa.

Àǹtí gbọ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dáwọ́ ìlù dúró láti ṣàlàyé, nítorí orin á já mọ́ ìyá mi lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di aṣọ Àǹtí mú.

Ìyá Àdínì rìn wá síwájú ìyá mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o wà?” Ìyá mi kò dáhùn. Ariwo sọ. Ni màmá arúgbó náà bá fi ìdí tì í díẹ̀, ó jókòó tì í lórí àpótí. Ìyá mi lajú, ó fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá Àdínì di orúnkún rẹ̀ mú.

“Haba! Ìdí ni ìlù yìí ń gbà wọlé, wallahi!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá wo ọwọ́ Àǹtí, ó wo ojú ìyá mi, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn èèyàn.

“Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kó dìde. Èmi ni mo ní kó jókòó síbẹ̀.”

Ó parí nìyẹn. Ìyá mi dá orin títí ó fi darúgbó, kò sì sẹ́ni tó bèèrè etí rẹ̀. Kódà, àwọn ìyá àgbà ló wá ń jà sí àpótí náà, kálukú fẹ́ jókòó lé e wò.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ ń so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ igi ní ọjọ́ ìnáwó, fèrèsé á máa gbọ̀n, ẹ ò sì ní mọ ohun tí olórin ń wí. Hausa ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń bá mi sọ, Yorùbá wọn kò tó nǹkan. Ìyá mi ti lọ, Àǹtí náà ti tẹ̀ lé e, àárò àwọn méjèèjì ń sọ mí. Etí tèmi náà ti ń lọ báyìí. Àpótí ọ̀hún wà nínú yàrá mi, orí rẹ̀ ni mo ti ń ka tẹ̀sùbáà. Níjọ́ kan, ọmọ-ọmọ mi obìnrin pè mí bí àwọn Hausa ṣe ń pe òbí àgbà, “Kaka! Kaka!” N kò gbọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Mo ní, “Ọmọ mi, mo wà o.”