Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tí Mo Rà

Wọ́n ní ahun ni mí. Kò burú. Ahun ni kò jẹ́ kí n ra tòkunbọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọkọ̀ àlòkù ọlọ́pàá ni mo lọ rà ní gbànjo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko, mo sì fi ń kó iṣu láti oko wá sílé ní Otu. Mo kùn ún ní funfun, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ràn, àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á tún yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Ìyàwó mi ní, “Ẹni tí ẹ bò mọ́lẹ̀ ń wò yín o.” Mo ní kó lọ jókòó jàre.

Níbí, kẹ̀kẹ́ lásán lèèyàn rà, àdúgbò á wá kí i pé ẹ kú ìnáwó. Ẹnikẹ́ni ò kí mi. Tí mo bá yọ lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà á yà bàrá sínú igbó, ẹ̀rín á sì máa pa mí. Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tí mo bá ń dá nìkan bọ̀ láti oko, nǹkan á máa kan gíláàsì ẹ̀yìn, kọ́, kọ́, láti inú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo pè é ní ọ̀lẹ, mo sì gbé ọkọ̀ mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìyá kan tó ń yan gààrí ní àdúgbò wa wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Kò kí mi. Ọkọ̀ ló lọ bá, ó fìka tọ àwọn lẹ́tà tó yọjú lábẹ́ ọ̀dà, ó fọwọ́ pa gíláàsì ẹ̀yìn.

“Tíṣà, inú ọkọ̀ yìí lọmọ mi kú sí.”

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀mí bọ́, àti pé wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún kí ìyá rẹ̀ tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pè é wálé. Ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀, kí wọ́n pè é, kí wọ́n mú un délé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ ni yóò wà. Ààfáà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ààfáà kọ́ ló bí i.

“Mo máa ń lá a lálàá,” ìyá náà wí. “Ó wà nínú ọkọ̀, ó ń kan gíláàsì. Ó ní, ‘Ìyá mi, ilẹ̀kùn ò ṣí.’”

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kì í ṣí láti inú. Torí àwọn tí ọlọ́pàá bá mú ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. N ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó ní kí n bá òun gbé e wálé. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: láti ibi tí a bá ti pè é títí dé ẹnu ọ̀nà òun, awakọ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ẹni náà á padà, kò sì ní gbọ́ ìpè mọ́ láéláé. Ìyàwó mi pariwo: “Ẹni yìí? Ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ lójú oorun!”

Ọ̀sán gangan lèmi àti ìyá náà dé ibi tí wọ́n sọ fún un pé ọmọ náà ti mí kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi emi kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń kì í. Ewé kan ò mì. Ó padà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sún kangun sápá òsì, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀.

Mo ń wà á bí ẹni gbé ẹyin. Ọlọ́kadà kan gbabẹ́ imú mi kọjá. Èébú dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa lọ o. Ọ̀nà á dáa.”

Yéè! Ó kù díẹ̀ kí n bi í pé ẹni kẹta wo. Mo bu ètè mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lè wo díńgí.

A dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yípo lọ sápá ọ̀tún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀.

“Rọra o,” ó wí, “ṣọ́ orí ẹ.”

Ó dúró díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Lẹ́yìn náà ó tilẹ̀kùn, ó sì rọra ń rìn lọ sínú ilé, ó yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ààyè lè gba ẹni méjì lẹ́nu ọ̀nà. Mo sunkún, èmi tí n ò sunkún níbi òkú bàbá mi.

Ó pẹ́ kó tó yọjú.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Kò ní lè jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ jẹ́ ó sùn,” ni mo wí.