Ọjọ́ Tí Mo To Lẹ́tà Àwọn Bàbá Wa Gbòdì

Alhaji Làmídì dìde láàárín ìpàdé, ó mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Bọ́lá, o ṣeun. Ohun tí mi ò mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, o ti fi hàn mí lára ògiri." Ó sì jáde. Alàgbà Adéoyè, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti dé Àbújá, jókòó síbẹ̀, ó ṣì tẹjú mọ́ ògiri. Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ bí mo ṣe fà á.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Jabi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ kó ìwé wọn pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lọ sílé, ní àdírẹ́sì ímeèlì kan tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sí i, ẹ̀rọ á pín in fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àtẹni tó wà ní Abaji àtẹni tó wà lókè òkun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ tó ń pín lẹ́tà náà ní òun fẹ́ kógbá sílé, ẹgbẹ́ ní kí n bá àwọn kó àwọn lẹ́tà ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn jáde kí wọ́n má bàa run.

Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ èkejì láti òkè délẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Á sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ojú ewé tirẹ̀, á so ìdáhùn mọ́ ohun tó ń dá lóhùn, á sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ ìlànà fún un: ṣé kó bo àdírẹ́sì àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ nítorí àwọn oníjìbìtì, ọjọ́ wo ni kó máa wò, báwo ni yóò ṣe mọ lẹ́tà tó ń dá èwo lóhùn. Ohun tí o kò bá sọ fún un, bó ṣe wù ú ló máa ṣe é. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Táíwò, kì í yé wí fún mi pé, "Bọ́lá, ìbéèrè tí o bá fò, òun náà ló máa padà wá bi ọ́." Mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló kàn wù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá lẹ́tà àwọn bàbá wa jìjàkadì. Ìkíni wọn gùn ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ẹni tó kàn fẹ́ béèrè aago tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ kí ìyàwó, á kí ọmọ, á gbàdúrà fún Nàìjíríà, kó tó wá béèrè ní ìlà tó kẹ́yìn. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àkọlé kan náà ni gbogbo lẹ́tà ní: "Ìròyìn Láti Ilé." Akọ̀wé ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ló pàṣẹ pé lẹ́tà tí kò bá ní àkọlé yẹn kò ní kọjá. Bàbá náà ti kú tipẹ́, wọ́n ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ètò yìí rí àkọlé kan náà, ó gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì so wọ́n kọ́ra gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wọn. Mo ní kò burú, ó kúkú rọrùn láti kà.

Ọjọ́ Sátidé tí a fi í han ẹgbẹ́, mo fi ẹ̀rọ tàn án sára ògiri gbọ̀ngàn fún gbogbo wọn láti wò. Inú wọn dùn, kálukú ń wá orúkọ ara rẹ̀. Alhaji Làmídì, tó ń ta táyà lọ́jà, ní kí n bá òun wá lẹ́tà tí wọ́n fi kéde ikú Mùídéènì, kí òun lè rí orúkọ àwọn tó bá òun kẹ́dùn. Mùídéènì ni àkọ́bí rẹ̀, olùkọ́ ni, ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa á. Mo wá lẹ́tà náà jáde. Èyí tó tẹ̀ lé e gan-an, tó gbé ọjọ́ kejì ikú, lẹ́tà Alàgbà Adéoyè ni, kò sì kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀: "Ẹ bá mi yọ̀ o, ẹ̀yin ará! Ohun tí a ti ń bẹ Ọlọ́run fún ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jó!"

Alhaji yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Adéoyè, ìwọ lo kọ èyí?"

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀," ni Alàgbà wí. "Ṣùgbọ́n mi ò rántí, Làmídì. Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò rántí."

Ìgbà yẹn ni Alhaji mú fìlà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó dé ibi iṣẹ́, Alàgbà ti dé láti Karmo, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, bá mi wò ó dáadáa," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé mo kọ ọ́ lóòótọ́, kí n mọ ohun tí mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún." Ojú tì mí. Mo ṣí fáìlì àkọ́kọ́, kì í ṣe èyí tí ètò ti tò.

Ọjọ́ méjì ló máa ń wà lórí ímeèlì. Ọ̀kan ni èyí tí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ fi sí i. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ tó gbà á máa ń lù mọ́ ọn, bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ti Alàgbà sọ pé oṣù kọkànlá ni. Òǹtẹ̀ sọ pé oṣù kẹta ni.

"Bàbá, irú kọ̀ǹpútà wo lẹ ń lò nígbà yẹn?"

"Ògbólógbòó kan báyìí. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ọjọ́ inú rẹ̀ á dàrú, èmi á sì fọwọ́ ara mi tún un kọ."

"Báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́, sà?"

"Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ náà ni. Ọjọ́ ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e."

Mo fọwọ́ bo ojú. Kọ̀ǹpútà yẹn ń retí oṣù ṣáájú ni. Bàbá kọ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Lẹ́tà ayọ̀ rẹ̀ ti dé ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí Mùídéènì tó kú. Ètò sì ti bi mí tẹ́lẹ̀: ọjọ́ tí òǹkọ̀wé kọ ni kí òun wò ni, àbí ti òǹtẹ̀? Mo fò ó. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ṣẹ mọ́ mi lára wẹ́rẹ́.

Ìlà kan péré ni mo yí padà, lẹ́tà náà sì kúrò lábẹ́ ìkéde ikú. Alàgbà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mi orí. "Làmídì ò ní gbà. Á ní ńṣe la lọ tún un ṣe." Òótọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Táíwò, tó ti ń gbọ́ wa láti ìdí tábìlì rẹ̀, ní, "Ẹ wá ohun tí Alhaji fúnra wọn kọ nígbà náà." Mo wá inú oṣù kẹta yẹn, mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Èmi àti Alàgbà wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́jà. Alàgbà ní òun ò tíì lè wọlé, ó dúró sínú ọkọ̀. Alhaji ń bá oníbàárà kan sọ Hausa, ó fi "Yauwa, sai anjima" dágbére fún un, ó wá kọjú sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán.

"Kọ̀ǹpútà tó parọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun náà ló wá ń sọ òótọ́ lónìí?"

"Ẹ má gba kọ̀ǹpútà gbọ́, sà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí."

Ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. "Adéoyè, àmín o! Iná mọ̀nàmọ́ná wọ ìlú wa lóòótọ́. Tí a bá délé, èmi àti ìwọ la jọ máa jó lábẹ́ òpó rẹ̀. Èmi Làmídì." Ìlà kan ṣì kù nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá wa, èmi Mùídéènì ni mo bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọn ò lè jókòó. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí táyà má wó lù wọ́n."

Alhaji tún ìlà yẹn kà. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Kai! Mùídéènì! Mi ò mọ̀ pé ó kọ èyí nípa mi." Ó nu ojú. "Adéoyè ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ọkọ̀ níta, sà."

Ó fúnra rẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo gbọ́ tó ní, "Sọ̀kalẹ̀ jàre. Wá wo ohun tí Mùídéènì ọmọ rẹ fi mí ṣe." Alàgbà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Alhaji dì í mú, òun ló ń bẹ̀ ẹ́. Ara tù mí, mo fara ti ògiri.

Àwọn méjèèjì jókòó lórí táyà, wọ́n jọ di bébà kan ṣoṣo mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Alhaji gbójú sókè.

"Bọ́lá, ṣé Mùídéènì tún kọ òmíràn?"

"Gbogbo lẹ́tà yín ayé ìgbà yẹn, òun ló tẹ̀ ẹ́, sà. Kò sí èyí tí kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí nísàlẹ̀."

Alhaji sún díẹ̀, ó sì fọwọ́ lu táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi. Máa kà wọ́n fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀."